Ẹ̀rọ Mẹ́ta fún Àyà Bàbá

Mọ́ńdè, 2 oṣù kẹfà

Wọ́n ní kí a dé ní aago mẹ́jọ. Aago mọ́kànlá ti kọjá kí dókítà tó pè wá wọlé. Ká ní báyìí ni mo ṣe ń darí ilé ìkẹ́rùsí wa ni, oníbàárà kan ò ní ṣẹ́kù.

Èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bàbá ti jáde. Kòkòrò yẹn náà ni. Ó ti padà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó ilé sílẹ̀. Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni kí Bàbá máa fa oògùn apakòkòrò náà símú láti inú ẹ̀rọ, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí oògùn lè lọ tààrà síbi tí ìjà wà. Èkejì ni abẹ́rẹ́ inú iṣan, bíi ti èṣí.

Bàbá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Dókítà, abẹ́rẹ́ èṣí ló gba etí òsì lọ́wọ́ mi. Ọ̀tún nìkan ló kù tí mo fi ń jẹun."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Alágo ni Bàbá, aago ló ń tún ṣe; etí ló fi ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Bí aago ògiri bá ń tiro, tí ìró rẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, kí ẹni tó gbé e wá tó rí àga jókòó, Bàbá ti sọ ẹsẹ̀ tó fi ń tiro.

Mo béèrè pé bí oògùn ìfàsímú yìí ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́.

"A jẹ́ pé a ó padà sí abẹ́rẹ́ nìyẹn."

"Etí ọ̀tún ńkọ́?"

Fáìlì ló wò, kò wo ojú mi. "A ó máa ṣọ́ ọ."

Mo mọ ohun tí "a ó máa ṣọ́ ọ" túmọ̀ sí. Èmi náà máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tí ẹrù rẹ̀ ti sọnù.

Túsídeè, 3 oṣù kẹfà

Mo lọ bá apòògùn ilé ìwòsàn kí n lè mọ irú ẹ̀rọ tí màá rà. Nẹbuláísà ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Mo ya àtẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò: owó, àkókò, ariwo, ìmọ́tótó.

Onípọ́ńpù ni àkọ́kọ́. Àpótí kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà lọ sínú ife kékeré kan, afẹ́fẹ́ náà á sì fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́. Ó pọ̀ lọ́jà, kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ó ń pariwo, ó ń falẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ́ oògùn díẹ̀ kù sísàlẹ̀ ife. Èkejì ń fi gbígbọ̀n sọ oògùn di ìkùukùu. Kò pariwo rárá. Ẹ̀kẹta ni alásẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ lásán ló gbà á, bátìrì ló ń lò. Asẹ́ onírin kan wà nínú rẹ̀ tí ihò ara rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ojú lásán ò sì lè rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ó yá, ó dákẹ́. Owó rẹ̀ tó ti onípọ́ńpù mẹ́rin.

Alásẹ́ ló borí. Mo ti ní kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó dé! Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn àyà nílé ìwòsàn ti yá wa ní onípọ́ńpù kan lò ná.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà

Ọjọ́ kìíní. Nọ́ọ̀sì wá sílé, ó fi ètò rẹ̀ hàn wá: oògùn tó ń la ọ̀nà èémí kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí n gbá Bàbá lẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ tí mo ká bí ife títí yóò fi wúkọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, oògùn apakòkòrò ni yóò gbẹ̀yìn. "Ẹni tí kò gbálẹ̀ kí ó má tíì tẹ́ ẹní," ló wí, Bàbá sì ní, "Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀."

A tan ẹ̀rọ náà. Ó bú ramúramù bí ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá gbé ẹnu lé e, ìkùukùu funfun ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí oògùn bá ń tán lọ, ife á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ bíi tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ta á níka kí èyí tó rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni ẹnì kan náà. Kò sí àga tó dojú kọ tirẹ̀ àyàfi ti Màmá. Mo jókòó sí i. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ kúrò nílé yìí, ẹnì kankan ò jókòó síbẹ̀ rí.

Ó gbà wá tó ìdajì wákàtí. A ò sọ̀rọ̀ kankan. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ló máa gbọ́?

Fúráídè, 6 oṣù kẹfà

Òjò láti òwúrọ̀. Mo ṣe ìpàdé lórí fóònù láti inú balùwẹ̀ nítorí ariwo. Igbákejì mi ní, "Ọ̀gá, ṣé ilé ìlọta lẹ wà ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Sátidé, 7 oṣù kẹfà

Àbúrò mi pè láti òkè òkun. Ó ti kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ti di dókítà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó ń gbọ̀n yẹn ni kí ẹ rà. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀kan. Kò pariwo, owó rẹ̀ ò sì tó ti alásẹ́."

"Mo ti bi apòògùn. Ó ní ó máa ń mú kí oògùn gbóná, oògùn yìí ò sì fẹ́ ooru. Inú fíríìjì ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíìkì rẹ. Ẹ̀rọ yẹn dára fún nǹkan mìíràn, kò dára fún èyí."

"Mílíìkì mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí o ti lọ. Ó ti di ẹni ọ̀wọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé fóònù fún Bàbá. Àmọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já. Bàbá di fóònù mú sí etí ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀, ó ń ní "Hẹ́lò? Hẹ́lò?" Kò mọ̀ bóyá etí òun ni tàbí fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà

Ó dé! Alásẹ́ dé. Mo tú u nínú páálí kí ẹni tó gbé e wá tó kúrò lẹ́nu géètì.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, oògùn ti tán. Bàbá yọ ọ́ lẹ́nu, ó wò ó yí ká bí aago tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fún un.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí, sà."

"Kíákíá bíi tìẹ." Kíákíá ló ń pè mí láti kékeré, ó ní oṣù méje ni mo lò nínú oyún nítorí n kò lè dúró. "Mo ń gbọ́ àwọn aago mi bí mo ṣe ń fà á. Gbogbo wọn."

Aago mẹ́fà ló wà lára ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ tí pọ́ńpù ti wọlé kò gbọ́ ìkankan nígbà tó bá ń gba oògùn. Mo wò ó bó ṣe yí etí ọ̀tún sí wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọ lẹ́tà ìyìn sí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Mo dá onípọ́ńpù padà sínú àpótí rẹ̀, mo sì tì í sábẹ́ ibùsùn.

Mọ́ńdè, 16 oṣù kẹfà

Bàbá ti ń gba oògùn rẹ̀ nínú yàrá. Ó ní kí n má dá ara mi dúró mọ́, ẹ̀rọ náà ò nílò ẹni tó máa ta á níka. Ó ń ti ilẹ̀kùn. Ó lọ, ó bọ̀, ó ti parí.

Ó yẹ kí n jèrè àkókò tó pọ̀ lójúmọ́. Nírọ̀lẹ́ yìí mo jókòó sí tábìlì láti fi àkókò náà ṣiṣẹ́. Mo fọ ife kan tí kò dọ̀tí. Mo wo fóònù, kò sí ìránṣẹ́. Àwọn tó máa ń ní kí n yà sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn iṣẹ́ ti jáwọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé Bàbá ń retí mi. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́, aago mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn.

Fúráídè, 20 oṣù kẹfà

Ẹ̀rọ olówó iyebíye ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ó ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí kí oògùn tó tán. Mo pe nọ́ọ̀sì nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, ọkọ̀ ẹrù kan ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, igbákejì mi sì ń fi ìwé lé mi lọ́wọ́ kí n fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn ló ń gbẹ mọ́ ojú asẹ́. Kí a máa fi omi gbígbóná ṣàn án lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí a máa sè é lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ohunkóhun má sì fọwọ́ kan ojú asẹ́ náà, ì báà ṣe òwú. Mo ní ó ti yé mi.

Mo dé ilé, mo gba ẹnu ilẹ̀kùn yàrá sọ fún Bàbá, "Nọ́ọ̀sì ní ó ti dí, sà. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa." Ó ní òun ti gbọ́. Fóònù mi ń dún.

Sátidé, 21 oṣù kẹfà

Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ó yá ju ìgbà tó wà ní tuntun lọ.

"Kí lẹ ṣe sí i, sà?"

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí oníṣẹ́ abẹ. "Àdììtú iṣẹ́ wa ni."

Mo kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin sínú àtẹ tí mo fi ń ṣọ́ oògùn rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó fi ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ fèsì.

Túsídeè, 24 oṣù kẹfà

Bàbá ní oògùn náà ti korò jù. Ó ní tẹ́lẹ̀ òun kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtọ́wò rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ tutù nígbà tó jáde ní yàrá, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ náà tutù. Mo ra aṣọ ìnura kékeré mẹ́fà fún un. Ìṣòro ti yanjú.

Fúráídè, 27 oṣù kẹfà

Ikọ́ ti padà. Ikọ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó ń gbọn gbogbo ibùsùn. Ara rẹ̀ gbóná. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó funfun lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di àwọ̀ ewé. Mo yẹ àtẹ mi wò látòkè délẹ̀: kò pa ìgbà kankan jẹ, oògùn ò jáde ní fíríìjì ju bó ṣe yẹ lọ, ètò pé. Gbogbo òpó àtẹ náà dára àyàfi Bàbá.

Ó ní, "Wọ́n á fún mi ní abẹ́rẹ́ yẹn, àbí?"

Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ kíákíá jù. Ó yí orí kó lè gbọ́ mi dáadáa, mo sì ní láti tún un sọ, ìgbà kejì yẹn ni n kò lè parí rẹ̀.

Mọ́ńdè, 30 oṣù kẹfà

Nọ́ọ̀sì ti ní kí a gbé ẹ̀rọ dání wá sílé ìwòsàn. Dókítà kò tíì dé (mi ò ní sọ̀rọ̀), nọ́ọ̀sì wá ní kí òun wò ó ná. Ó bu omi iyọ̀ sínú rẹ̀, ó pa fáànù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ tiwọn, oríṣi kan náà, ó tan án sí ẹ̀gbẹ́ tiwa.

Ìkùukùu tiwọn léfòó. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, kò mọ ibi tó ń lọ. Tiwa jáde pẹ̀lú agbára, ó sì ń já bọ́. Kò pẹ́ tí orí tábìlì fi tutù.

"Èyí kì í ṣe ìkùukùu," ni nọ́ọ̀sì wí. "Òjò lèyí. Ta ló fọwọ́ kan asẹ́ yìí?"

Bàbá jókòó dáadáa. "Èmi ni mo tún un ṣe. Ihò òkúta tí irin inú aago ń yí nínú rẹ̀, bí ó bá dí, igi la máa ń gbẹ́ ní ṣóńṣó, a ó wá máa yí i nínú ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ́. Mo ní igi kan tó rọ̀ dáadáa. Mo yí i fún ìrọ̀lẹ́ kan gbáko. Ẹ wo bó ṣe ń yá báyìí!"

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fa àga sún mọ́ ọn, ní apá ọ̀tún. "Bàbá Alágo, ihò tiyín, ẹ ń fi awò rí i. Ihò ti èyí, ṣóńṣó orí igi yín tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ẹ ti ya ojú rẹ̀. Ẹ ti sọ asẹ́ di ajere."

"Àmọ́ oògùn ń jáde."

"Ó ń jáde, kò dé ibi tó ń lọ ni. Ẹ̀kán tó tóbi wúwo, ẹnu àti ọ̀fun ló ń já sí. Ẹ ti ń mu oògùn yín bí omi láti ọjọ́ yẹn. Àyà yín ò rí nǹkan kan gbà."

Nítorí náà ló ṣe korò. Nítorí náà ni irùngbọ̀n ṣe tutù. Èmi sì ra aṣọ ìnura mẹ́fà.

Dókítà ti wọlé, ó ń gbọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Àǹtí, ṣebí mo sọ fún yín lórí fóònù pé ohunkóhun ò gbọdọ̀ kan án?"

Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti dáhùn. "Ó sọ fún mi. Etí mi ni. Apá òsì ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí."

Dókítà gbé bírò, ó fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì pé etí ti ń burú sí i.

"Má kọ ọ́," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́, sà. Mi ò sọ fún un. Fóònù mi ń dún, mo ní kí ó fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì kọjá lọ."

Bàbá ń wo bàtà rẹ̀. Alágo tó fi etí rẹ̀ yangàn fún gbogbo ayé ló fi etí kan náà bò mí láṣìírí.

Dókítà ronú fún ìgbà pípẹ́. Mo jẹ́ kó ronú. Ó ní oògùn náà ò tíì kùnà, nítorí kò tíì dé ibẹ̀ dáadáa. Kí a gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn láti ọ̀la, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó jẹ́ odindi. Asẹ́ tuntun? Oṣù kan àbọ̀ kó tó dé. "Bí ẹ bá ní onípọ́ńpù, onípọ́ńpù náà tó." Ó fi kún un pé bí èsì ò bá yí padà, ìgbà kejì yìí kò ní sí ẹ̀bẹ̀, abẹ́rẹ́ ni.

Ọjọ́rú, 2 oṣù keje

Lánàá ni mo wọ́ onípọ́ńpù jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo ra rọ́bà tuntun àti ife tuntun fún un. Ó bú ramúramù. Àga Màmá, ìka mi lára ife.

Òjò ń rọ̀, pọ́ńpù ń pariwo, Bàbá kò lè sọ̀rọ̀, èmi kò lè gbọ́. Mo fi fóònù sílẹ̀ ní yàrá. Ní ìgbà tí ó tó ìdajì, n kò mọ ohun tí mo lè fi ojú mi ṣe, mo bá ń wo tirẹ̀. Àwọn irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun. Nígbà wo ni wọ́n funfun?

Sátidé, 5 oṣù keje

A ti ní èdè. Ojú kan tó di: oògùn korò díẹ̀. Ìpéǹpéjú méjèèjì lókè: ta ife níka, o ń sùn. Ìka tó ń yí lẹ́bàá orí: àbúrò mi ti pè, ó tún ti kàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lónìí ó fi ọwọ́ ya aago sínú afẹ́fẹ́, ó sì fi ìka méjì rìn lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó ń tiro. Aago tí ìyàwó onílé wa gbé wá kó bá òun tún ṣe ni. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìkùukùu gba imú rẹ̀ jáde, mo sì bá a wí pé kó má fi oògùn ṣòfò. Kò gbọ́.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Wọ́n ti fa iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun lé igbákejì mi lọ́wọ́. Ọ̀gá àgbà ní, "A mọ̀ pé ọwọ́ yín dí nílé." Òótọ́ ni. Èmi ni mo ṣe ètò iṣẹ́ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igbákejì mi wá dúró lẹ́nu ọ́fíìsì mi. Mo ní kó wá gba àwọn fáìlì kí n má bàá pẹ́ délé.

Kò sẹ́ni tí mo sọ fún. Bàbá ìbá fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀bi. Àbúrò mi ìbá ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún pọ́ńpù nírọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ sókè dáadáa, nígbà tó ń bú lọ́wọ́. Ojú Bàbá wà lára mi ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí a pa ẹ̀rọ, ó gbá mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó wọ yàrá lọ. Mi ò mọ ohun tó rí lẹ́nu mi.

Túsídeè, 15 oṣù keje

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Ó rìn dé géètì, kò dúró sinmi. Mo ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé, mo sì kó ara mi sẹ́yìn aṣọ fèrèsé nígbà tó yí padà.

Túsídeè, 22 oṣù keje

A gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èsì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò bá ẹnì kankan jà níbẹ̀.

Túsídeè, 29 oṣù keje

Ìrọ̀lẹ́ àná ni oògùn tó kẹ́yìn. Aago mẹ́jọ ni a dé ilé ìwòsàn, mọ́kànlá ni wọ́n pè wá. Bí wọ́n ti ń ṣe náà nìyẹn.

Dókítà ní kòkòrò náà kò tíì tán pátápátá, ó sì lè má tán láé. Àmọ́ ó ti kéré débi pé kò sí ìdí fún abẹ́rẹ́. Kí Bàbá sinmi fún oṣù kan, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dán etí rẹ̀ wò: ọ̀tún wà bó ṣe wà. Òsì kò padà, kò sì ní padà.

Bàbá ní, "Ọ̀kan tó. Ọ̀kan náà ni mo fi ń jẹun."

Nọ́ọ̀sì béèrè irú ẹ̀rọ tí a máa lò nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀, nítorí asẹ́ tuntun yóò ti dé nígbà yẹn. Mo wo Bàbá. Ó wo òkè àjà. Ó ní, "Onípọ́ńpù yẹn ń pariwo o."

"Ó ń pariwo, sà."

"Ó sì ń falẹ̀."

"Ó ń falẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí a máa lò ó ná."

Ọjọ́rú, 30 oṣù keje

Kò sí oògùn lónìí. Mo ti nu pọ́ńpù, mo ti ká rọ́bà rẹ̀, mo ti fi aṣọ bò ó. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ sí àga Màmá. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Òjò ti dá. Mo ro ilé ìkẹ́rùsí tuntun, ìpàdé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́wọ́ báyìí láìsí mi.

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá jáde, ó gbé aago ìyàwó onílé dání, ó jókòó sí ààyè rẹ̀, ó gbé aago náà lé orí tábìlì láàárín wa, níbi tí ife oògùn máa ń wà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Etí kan ò tó láti mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ mọ́," ó ní. "Bá mi gbọ́ ọ."

"Èmi, sà? Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ. Jókòó jẹ́jẹ́."

Mo tẹ orí ba, mo gbé etí lé e. Gbogbo aago ara ògiri ń dún, mo kọ́kọ́ ní láti yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: gígùn, kúkúrú, gígùn, kúkúrú.

"Ó ń tiro," mo ní. Inú mi dùn bí ọmọ iléèwé.

Bàbá ò gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ wo?"

Mo tún gbé etí lé e.